Ẹ̀BÙN TÍ Ó Ń SỌ̀RỌ̀ LẸ́YÌN OLÓORE: Bí A Ṣe Ń Fi Ogún Sílẹ̀ fún Ilé Iṣẹ́ Ọnà

Àwọn baba wa a máa sọ pé àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé. Oúnjẹ ni wọ́n fi ṣe àpèjúwe, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ogún wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Gbogbo wa ni a mọ bí a ti ń fi ilé, oko àti owó sílẹ̀ fún ọmọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò tíì rò ni pé ènìyàn lè fi díẹ̀ nínú ohun tí ó ní sílẹ̀ fún ibi tí ó ti kọ́ ọgbọ́n, tàbí ibi tí ó ti rí ohun ẹlẹ́wà tí ó mú ọkàn rẹ̀ yọ̀: ilé tí a ń kó àwòrán àti ère pamọ́ sí, ilé ẹ̀kọ́ àwọn òṣèré, ilé ìkàwé tàbí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.

Ọ̀rọ̀ náà kò kéré. Nígbà tí agbẹ́gilére bá kú, tàbí tí ẹni tí ó ti ń kó iṣẹ́ ọnà jọ láti ìgbà èwe rẹ̀ bá papò dà, ọdún mélòó ni ohun tí ó kó jọ fi ń wà pọ̀? Ọmọ kan a mú ọ̀kan lọ sí Èkó, òmíràn a ta èkejì fún oníṣòwò, ikán a sì jẹ èyí tí ó kù ní ẹ̀yìnkùlé. Kì í ṣe pé àwọn ọmọ náà burú. Baba wọn ni kò sọ ohun tí ó fẹ́ ní ọ̀nà tí òfin lè fi gbọ́ ọ.

Nítorí náà, ẹ̀kọ́ ti ọ̀sẹ̀ yìí dá lórí bí a ṣe lè ṣètò irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ kí ó má baà bàjẹ́ lẹ́yìn wa. A ó fi ìtàn òǹkọ̀wé ńlá kan ṣe àpẹẹrẹ. Nínú ìwé ìhágún kan ṣoṣo, ó sọ ìfẹ́ ọkàn rẹ̀ méjì: ọ̀kan ṣẹ kọjá ohun tí ẹnikẹ́ni lè rò, èkejì wó lulẹ̀ ní kóòtù. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin méjèèjì ni kókó ẹ̀kọ́ wa.

1. IRÚ ẸBÙN TÍ À Ń SỌ

Ìwé ìhágún, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní wíìlì, ni ìwé tí ènìyàn fi ń sọ bí òun ti fẹ́ kí a pín ohun ìní òun lẹ́yìn ikú òun. Kò ní agbára kankan níwọ̀n ìgbà tí ẹni tí ó kọ ọ́ bá wà láàyè. Ó lè yí i padà, ó sì lè fà á ya. Ìdí nìyí tí ẹ̀bùn inú rẹ̀ kò fi ń ni olóore lára nígbà ayé rẹ̀. Ẹni tí kò lè yọ owó púpọ̀ sílẹ̀ lónìí nítorí ọmọ, àìsàn àti ọjọ́ ogbó lè ṣètò rẹ̀ de ìgbà tí kò ní nílò owó náà mọ́.

Ọ̀nà mẹ́rin ni a sábà máa ń gbà fi irú ẹ̀bùn yìí sílẹ̀:

(a) Iye owó kan pàtó. Èyí rọrùn láti kọ, ṣùgbọ́n owó a máa dínkù ní agbára. Iye tí ó lè ra ilé ní ogún ọdún sẹ́yìn lè má ra ilẹ̀kùn rẹ̀ lónìí.

(b) Ohun kan pàtó, gẹ́gẹ́ bí ère, ìlù, àpótí ìwé, àwòrán tàbí ilé.

(d) Ìpín nínú ìyókù. Èyí ni pé kí a kọ́kọ́ san gbèsè, kí a fún ìyàwó, ọmọ àti àwọn tí ó gbẹ́kẹ̀ lé wa ní tiwọn, lẹ́yìn náà kí a mú ìdá kan nínú ohun tí ó ṣẹ́kù fún ilé tí a fẹ́ràn.

(e) Ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé tàbí ti olórin, èyíinì ni owó tí ń wọlé nígbàkígbà tí a bá tẹ ìwé, tí a bá ṣe eré, tàbí tí a bá lo orin tí ènìyàn kọ.

Ọkùnrin tí a ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí lo ìkẹta àti ìkẹrin pọ̀.

2. ILÉ MẸ́TA TÍ Ó TỌ́ SHAW

Ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 1856 ni a bí George Bernard Shaw ní ìlú Dublin, ní ilẹ̀ Ireland. Baba rẹ̀ jẹ́ oníṣòwò ọkà tí òwò rẹ̀ kò gbèrú. Ilé ẹ̀kọ́ kò wu ọmọ náà, kò sì tíì ju nǹkan bí ọmọ ọdún 15 lọ tí ó fi kúrò níbẹ̀ láti lọ ṣe akọ̀wé ní ọ́fíìsì àwọn tí ń bójú tó ilẹ̀ àti owó ilé. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1864, nígbà tí ó wà ní kékeré, a ti ṣí Ilé Àwòrán ti Orílẹ̀-èdè Ireland ní ìlú náà. Ibẹ̀ ni Shaw máa ń lọ, tí yóò máa wo iṣẹ́ àwọn ọ̀gá ayàwòrán ilẹ̀ Yúróòpù. Nígbà tí ó di àgbà, ó jẹ́wọ́ pé ilé náà ni ó kọ́ òun ní ẹ̀kọ́ tí ilé ìwé kò kọ́ òun.

Ní 1876, ó ṣí lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ó kọ ìwé ìtàn àròsọ márùn-ún, àwọn atẹ̀wé sì ń dá wọn padà fún un. Ní àwọn ọdún tí kò ní lọ́wọ́ yìí, iyàrá ìkàwé tí ó wà ní British Museum ni ó sọ di ilé ẹ̀kọ́ gíga tirẹ̀. Níbẹ̀ ni ó ti ń ka ìwé, tí ó sì ti ń kọ ìwé.

Ìkẹta ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn òṣèré ní Lọ́ńdọ̀nù, tí a dá sílẹ̀ ní 1904, tí a mọ̀ lónìí sí RADA. Nígbà tí Shaw ti di olókìkí òǹkọ̀wé eré, ó wọ inú ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ yìí, ó sì lo ọ̀pọ̀ ọdún níbẹ̀. Òǹkọ̀wé eré kò lè dá dúró láìsí òṣèré tí yóò sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí ìtàgé.

Ó gba ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1925 fún ìwé kíkọ, òkìkí rẹ̀ sì kàn ká ayé. Ṣùgbọ́n kò gbàgbé. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí olè kó ni lẹ́rù lọ ni.

3. BÍ Ó ṢE KỌ ÌWÉ ÌHÁGÚN RẸ̀

Ìyàwó Shaw kú ní 1943, wọn kò sì bí ọmọ. Ní 1944, Shaw fi ilé tí ó ń gbé ní abúlé Ayot St Lawrence fún ẹgbẹ́ National Trust, tí ń tọ́jú àwọn ilé àti ilẹ̀ pàtàkì fún gbogbo ènìyàn. Ó sì ń gbé inú rẹ̀ lọ títí ó fi kú. Èyí jẹ́ ẹ̀bùn ojú ayé. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 1950, ó fọwọ́ sí ìwé ìhágún rẹ̀ tí ó kẹ́yìn. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá ọdún náà, ó kú ní ẹni ọdún 94. Ohun ìní tí ó fi sílẹ̀ lé ní £367,000.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ṣe to ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó kọ́kọ́ pèsè fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé rẹ̀ àti àwọn ìbátan kan tí ó gbẹ́kẹ̀ lé e, pé kí a máa fún wọn ní iye kan lọ́dọọdún. Kò fi ojú aboyún gbẹ̀bí. Kò ṣe inú rere sí ilé ńlá kí ó sì fi ẹni tí ń se oúnjẹ fún un sílẹ̀ sínú òṣì. Lẹ́yìn náà, ó fi alábòójútó sí ogún rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rẹ́ tí ó lè ṣáájú rẹ̀ kú ni ó yàn, ọ́fíìsì ìjọba tí ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ni. Níkẹyìn, ó pín ìyókù ohun ìní rẹ̀, tí owó ẹ̀tọ́ lórí gbogbo eré rẹ̀ wà nínú rẹ̀, sí ọ̀nà mẹ́ta ọgbọọgba: ìdá kan fún Ilé Àwòrán ti Orílẹ̀-èdè Ireland, ìdá kan fún British Museum, ìdá kan fún RADA.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí ó fi ṣáájú àwọn mẹ́ta yìí.

4. APÁ TÍ KÓÒTÙ KÒ GBÀ

Ó pẹ́ tí inú Shaw kò ti dùn sí bí a ṣe ń kọ èdè Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀. Àwa tí a ń kọ Yorùbá mọ̀ pé bí a bá ti mọ lẹ́tà àti àmì, a lè ka ọ̀rọ̀ tí a kò gbọ́ rí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀: lẹ́tà kan a máa ní ohùn méjì mẹ́ta, òmíràn a sì wà nínú ọ̀rọ̀ láìní ohùn rárá. Shaw fẹ́ kí a ṣe álífábẹ́ẹ̀tì tuntun fún èdè náà, tí lẹ́tà rẹ̀ kò ní dín ní 40. Ó pàṣẹ pé fún ọdún 21 lẹ́yìn ikú òun, kí a kọ́kọ́ fi owó ogún náà ṣe ìwádìí iye àkókò àti owó tí irú álífábẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ yóò dá sí, kí a sì tẹ ọ̀kan nínú eré rẹ̀ jáde ní àwọn lẹ́tà tuntun náà. Lẹ́yìn èyí ni kí àwọn ilé mẹ́ta tó gba tiwọn.

Ọ̀rọ̀ náà dé kóòtù ní 1957. Adájọ́ Harman dájọ́ pé ètò álífábẹ́ẹ̀tì náà kò lè dúró. Ìdí tí ó fi sọ bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí a fara balẹ̀ gbọ́.

Nígbà tí ènìyàn bá fi owó sílẹ̀ sí ọwọ́ agbàtójú, òfin a máa béèrè pé: nítorí ta ni? Bí ó bá jẹ́ nítorí ènìyàn, tàbí nítorí ilé kan tí òfin mọ̀, ẹni náà tàbí ilé náà lè lọ sí kóòtù bí agbàtójú bá fẹ́ jẹ owó náà mọ́lẹ̀. Bí ó bá jẹ́ nítorí àǹfààní gbogbo ènìyàn ní ọ̀nà tí òfin kà sí iṣẹ́ àánú, gẹ́gẹ́ bí kíkọ́ ènìyàn ní ẹ̀kọ́ tàbí ríran tálákà lọ́wọ́, amòfin àgbà ti ìjọba yóò gbèjà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ètò Shaw kò sí nínú ìkíní tàbí ìkejì. Álífábẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ènìyàn. Kò lè gbéra lọ sí kóòtù láti béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀. Adájọ́ kò sì gbà pé ìwádìí àti ìpolówó èrò kan tí àwọn ọ̀mọ̀wé kò fẹnu kò lé lórí jẹ́ ẹ̀kọ́ ní ojú òfin.

Shaw jẹ́ ọlọ́gbọ́n, ó ti rí i pé èyí lè ṣẹlẹ̀. Ó ti kọ ọ́ sínú ìwé náà pé bí ilé ẹjọ́ bá da ètò álífábẹ́ẹ̀tì nù, kí ogún náà bọ́ sí ọwọ́ àwọn ilé mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ yìí ni kò jẹ́ kí owó náà di ohun àríyànjiyàn láàrin àwọn ìbátan rẹ̀. Lẹ́yìn náà, àwọn tí ọ̀ràn kàn bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní ìtùnbí ìnùbí, wọ́n sì gbà pé kí a yọ £8,300 sílẹ̀ fún álífábẹ́ẹ̀tì náà. Pẹ̀lú owó yìí ni a fi ṣe é, tí a sì tẹ eré rẹ̀ tí ń jẹ́ Androcles and the Lion ní lẹ́tà tuntun ní 1962. Àwọn tí ń kọ ọ́ lónìí kò tó nǹkan.

5. BÍ ÌYÓKÙ ṢE DI ÒKÈ

Nígbà ayé rẹ̀, a sọ ọ̀kan nínú eré Shaw di eré olórin ní 1908, inú rẹ̀ kò sì dùn sí i. Láti ìgbà náà ni ó ti kọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti tún ṣe irú rẹ̀. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni a fún Alan Jay Lerner àti Frederick Loewe láyè láti sọ eré rẹ̀ Pygmalion, tí a kọ́kọ́ ṣe ní 1913, di eré olórin. Eré náà dá lórí ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí ó kọ́ ọmọbìnrin tí ń ta òdòdó ní ìgboro bí a ti ń sọ èdè bí ọmọ ọlọ́lá. My Fair Lady ni wọ́n sọ eré olórin náà. Ó bẹ̀rẹ̀ ní New York ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 1956, wọ́n sì ṣe é níbẹ̀ ní ìgbà 2,717 kí ó tó kúrò lórí ìtàgé ní 1962. Ní 1964 a ṣe é ní fíìmù, fíìmù náà sì gba ẹ̀bùn Oscar mẹ́jọ.

Nígbàkígbà tí a bá ṣe eré yìí, ìpín Shaw a wọlé, ìpín náà a sì di ti àwọn ilé mẹ́ta. Bí ó bá jẹ́ pé iye owó kan pàtó ni ó kọ sílẹ̀ fún wọn, iye náà ni wọn ì bá gbà, tí ọ̀rọ̀ ì bá sì parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé ìdá nínú ìyókù ni ó fún wọn, bí ìyókù ti ń dàgbà ni ẹ̀bùn ń dàgbà. Ilé Àwòrán ti Orílẹ̀-èdè Ireland ya àpò owó kan sọ́tọ̀ tí a fi orúkọ Shaw pè. Láti inú rẹ̀ ni ó ti ra ọ̀pọ̀ àwòrán fún àwọn ará ìlú. Ère Shaw tí Paul Troubetzkoy ṣe sì wà níbẹ̀. Ọmọ tí ó bá wọ ilé náà lónìí ń wo ohun tí ọmọ mìíràn, tí ó wọ ibẹ̀ ní ọ̀rúndún kan àti ààbọ̀ sẹ́yìn, fi ránṣẹ́ sí i.

Odò náà ní òpin. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland, ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ń pẹ́ fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ti Shaw parí ní òpin ọdún 2020, eré rẹ̀ sì di ti gbogbo ayé. Ilé tí ó bá gba irú ẹ̀bùn yìí gbọ́dọ̀ mọ̀ pé owó inú rẹ̀ yóò dá lọ́jọ́ kan, kí ó sì tètè fi díẹ̀ pamọ́.

Òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ti Nàìjíríà, ti ọdún 2022, fi 70 ọdún bákan náà sí iṣẹ́ ìwé àti orin lẹ́yìn ikú ẹni tí ó ṣe é. Nítorí náà, ẹni tí ó kọ ìwé ìtàn Yorùbá, tàbí tí ó kọ orin tí a ń lù ní ilé ìgbéyàwó, ní ohun ìní tí ó lè fi sílẹ̀ gan-an bí ilé. Kìkì pé kí ó má ti tà á fún atẹ̀wé tàbí olówó rẹ́kọ́ọ̀dù tẹ́lẹ̀, nítorí ohun tí a ti tà kì í tún ṣe tiwa láti fi tọrẹ.

6. NÍGBÀ TÍ A BÁ DI OKÙN NÁÀ LE JÙ

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan láti Amẹ́ríkà kún un. Albert Barnes, dókítà ará Philadelphia tí ó di olówó nípa òògùn tí ó ń ṣe, kó àwòrán jọ púpọ̀: ti Renoir 181, ti Cezanne 69, ti Matisse 59, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ère láti ilẹ̀ Áfíríkà. Ní 1922 ó dá ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní Merion, lẹ́bàá Philadelphia, láti tọ́jú wọn. Nínú ìwé ìdásílẹ̀ rẹ̀, ó pàṣẹ pé lẹ́yìn ikú òun, a kò gbọdọ̀ ta ọ̀kan, a kò gbọdọ̀ yá ẹnikẹ́ni, a kò sì gbọdọ̀ gbé àwòrán kan kúrò níbi tí ó wà lára ògiri. Ó tún fún Yunifásítì Lincoln ní agbára láti yan púpọ̀ nínú àwọn alámòójútó ibẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn aláwọ̀ dúdú ni Lincoln í ṣe, níbi tí Nnamdi Azikiwe ti gba oyè ní 1930.

Barnes kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ ní 1951. Nígbà tí ó yá, owó tí ó fi sílẹ̀ kò tó láti tún ilé náà ṣe mọ́, àwọn ìdè inú ìwé rẹ̀ kò sì jẹ́ kí àwọn alámòójútó rí ọ̀nà gbà. Wọ́n lọ sí kóòtù. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2004, adájọ́ gbà kí wọ́n kó gbogbo iṣẹ́ náà lọ sí àárín ìlú Philadelphia, wọ́n sì ṣí ilé tuntun níbẹ̀ ní 2012. Wọ́n kọ́ àwọn iyàrá rẹ̀ bí ti àtijọ́, wọ́n sì gbé àwòrán kọ́ bí Barnes ti gbé wọn kọ́. Síbẹ̀ àwọn kan sọ pé wọ́n da òkú, àwọn mìíràn sọ pé wọ́n gba iṣẹ́ náà là. Èyí ó wù kí ó jẹ́, Barnes ì bá ti yọ gbogbo wọn nínú wàhálà bí ó bá ti kọ gbólóhùn kan pé: bí èyí kò bá ṣeé ṣe mọ́, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe nìyí. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí babaláwo fi ń dífá ọrọọrún.

7. BÍ Ọ̀RỌ̀ TI RÍ NÍ ILẸ̀ WA

Òfin ìwé ìhágún tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣe ní 1958 ni ìpìlẹ̀ èyí tí àwọn ìpínlẹ̀ tí a yọ lára agbègbè náà ń lò. Èkó ní tirẹ̀. Àwọn ohun tí ó ń béèrè kò ṣòro:

Ìwé ìhágún gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ sílẹ̀. Ẹni tí ó ni í gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i ní ìsàlẹ̀. Bí kò bá mọ̀wé, kí a kà á sí i létí ní èdè tí ó gbọ́ kí ó tó tẹ̀ka. Ó gbọ́dọ̀ ṣe èyí ní ojú ẹlẹ́rìí méjì, ó kéré jù, tí wọ́n wà níbẹ̀ pọ̀ ní àkókò kan náà, kí àwọn náà sì fọwọ́ sí i ní ojú rẹ̀. Ẹni tí a fún ní ohun kan nínú ìwé náà, tàbí ọkọ tàbí aya rẹ̀, kò gbọdọ̀ ṣe ẹlẹ́rìí. Bí ó bá ṣe é, ìwé náà kò bàjẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀bùn tirẹ̀ yóò sọnù. Bí ènìyàn bá sì ṣe ìgbéyàwó lábẹ́ òfin ìjọba lẹ́yìn tí ó ti kọ ìwé ìhágún, ìgbéyàwó náà a máa pa ìwé àtijọ́ rẹ́. Kí ó tún òmíràn kọ.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, òfin 1958 náà fi òfin ìbílẹ̀ ṣe ààlà. Ènìyàn kò lè fi ohun ìní ẹbí sílẹ̀ nínú ìwé ìhágún. Ilẹ̀ tí baba fi sílẹ̀ fún gbogbo ọmọ, ì báà jẹ́ ìdí-igi ni wọ́n fi ń pín in tàbí orí-ò-jorí, kì í ṣe ti àgbà kan láti fi tọrẹ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ dáwódù. Bákan náà ni ère ojúbọ àti ohun èlò oyè kì í ṣe ti ẹni tí ń tọ́jú wọn. Ohun tí òógùn ojú wa mú wá ni a lè fi ṣe ẹ̀bùn. Mùsùlùmí pẹ̀lú mọ̀ pé ẹ̀sìn rẹ̀ kò gbà kí ohun tí ó fi tọrẹ báyìí ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ.

Orúkọ ẹni tí a ń fún ṣe pàtàkì pẹ̀lú. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti Èsìé, tí a ṣí ní 1945, àti ti Ilé-Ifẹ̀, tí a dá sílẹ̀ ní 1954, wà lábẹ́ àjọ ìjọba àpapọ̀ tí òfin 1979 dá sílẹ̀ láti bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ẹni tí ó bá kọ pé «fún ilé ère» lásán ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Kí ó béèrè orúkọ tí òfin mọ̀, kí ó sì kọ orúkọ ilé náà pẹ̀lú ti àjọ tí ó ni í. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ.

Kò sì pọn dandan kí a dúró de ikú. Ọmọ ọba Yẹmisí Shyllon, tí ó ti ń kó iṣẹ́ ọnà jọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, fún Yunifásítì Pan-Atlantic ní Ìbẹjú-Lẹ́kí ní 1,000 nínú iṣẹ́ ọnà tí ó ní. Ilé tí a fi orúkọ rẹ̀ pè ṣí ilẹ̀kùn ní 2019, ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí i bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń wọlé wò wọ́n.

8. ÌMỌ̀RÀN NÍ ṢÓKÍ

Kọ́kọ́ kọ orúkọ gbogbo ohun tí ó jẹ́ tìrẹ gan-an sílẹ̀, yàtọ̀ sí ti ẹbí. Bá ìyàwó tàbí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ rẹ sọ̀rọ̀, kí ọ̀rọ̀ náà má baà jẹ́ ìyàlẹ́nu fún wọn ní ọjọ́ òkú. Lọ bá àwọn tí ń ṣe àkóso ilé tí o fẹ́ràn kí o tó kọ ọ́: bóyá wọ́n ní ibi tí wọn yóò gbé ère rẹ sí, bóyá owó àtúnṣe ni wọ́n nílò ju ère lọ. Fi ìdá kún un dípò iye, bí ó bá ṣeé ṣe. Sọ ohun tí o fẹ́, kí o sì sọ ohun tí wọn yóò ṣe bí èyí kò bá ṣeé ṣe mọ́. Mú un lọ sọ́dọ̀ agbẹjọ́rò. Owó tí a san fún un kéré sí èyí tí àwọn ọmọ yóò ná ní kóòtù. Fi ìwé náà pamọ́ sí ọ́fíìsì ilé ẹjọ́ gíga tí ń gba irú rẹ̀, kí ẹni méjì ó kéré jù sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ olówó nìkan ni èyí. Ìlù gángan kan tí a mọ orúkọ ẹni tí ó ṣe é, àpótí kan tí ó kún fún fọ́tò ọdún eégún láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn, ìwé àkọsílẹ̀ oríkì tí ìyá àgbà sọ, gbogbo ìwọ̀nyí jẹ́ ohun tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kò lè fi owó rà lọ́jà.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ILÉ ÌKÀWÉ

(i) Kí ni ó dé tí kóòtù fi gba ẹ̀bùn Shaw fún àwọn ilé mẹ́ta, ṣùgbọ́n tí kò gba ti álífábẹ́ẹ̀tì?

(ii) Kí ni àǹfààní tí ó wà nínú fífi ìdá sílẹ̀ dípò iye owó kan pàtó?

(iii) Bàbá kan fẹ́ fi ère ìbejì méjì tí ó bá ní ilé baba rẹ̀ fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé nínú ìwé ìhágún. Ta ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ bi léèrè, kí ni ìdí rẹ̀?

(iv) Irú iṣẹ́ ọnà wo ni ó wà ní ìlú yín lónìí tí ó lè parẹ́ bí ẹni tí ó ni í bá kú láìkọ nǹkan sílẹ̀? Ta ni ó yẹ kí ó lọ bá a sọ̀rọ̀?